Irọ́ tí mo pa létí adágún

Oṣù méjì ṣáájú kí ojú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó fọ́ pátápátá, ó ní kí n gbé òun lọ wo adágún.

Èmi ni wọ́n bí tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi kọ́ àwọn ọmọ kọ̀lẹ́ẹ̀jì ní Sakété nípa ewéko àti ẹranko. Kò lọ́mọ, kò sì sí ohun tó wù ú láyé tó kó jókòó létí omi kó máa wo ẹyẹ. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti mú, tí ẹrẹ̀ dúdú ọ̀nà Issaba bá ti le tó láti gba alùpùpù, yóò wá bá mi ní ìsọ̀ tí mo ti ń ránṣọ ní Pobè, yóò ní, "Fi ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀, jàre. Àwọn ẹyẹ ti dé."

Ọ̀rọ̀ wa kò yé ìyá wa. "Ẹyẹ tí ẹ ò ní pa, tí ẹ ò ní jẹ, kí lẹ ń wò lára rẹ̀?" Ẹ̀gbọ́n mi á rẹ́rìn-ín, á fi awò olójú méjì tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn kọ́rùn, á gun ẹ̀yìn alùpùpù mi.

Kí n má parọ́, nítorí ẹ̀wà àti gàrí tó máa ń dì dání ni mo kọ́kọ́ ń bá a lọ. Nígbà tó yá, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ wọ́n. Mo mọ ẹyẹ kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ pupa tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn gbọọrọ, tó ń rìn lórí ewé òṣíbàtà láì rì. Mo mọ pẹ́pẹ́yẹ odò tó máa ń súfèé. Mo mọ ẹyẹ dúdú kan tó máa ń na apá rẹ̀ méjèèjì sí oòrùn bí ẹni tó ń sá aṣọ. Ẹ̀gbọ́n mi á kọ gbogbo wọn sínú kàyé, ìwé ìkọ̀wé tó máa ń mú dání, iye wọn àti ibi tí wọ́n bà sí.

Nígbà tí àrùn ojú dé, a kò tètè fura. Ó kàn ń fẹsẹ̀ kọ àga ni, a sì ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Dókítà tó wò ó ní Àjàṣẹ́ sọ pé a ti pẹ́ jù, pé ìwọ̀nba ìríran tó kù yóò lọ bó pẹ́ bó yá. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè bó ṣe ń rí nǹkan. Ó ní, "Ó dà bíi kéèyàn máa yọjú láti inú ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ."

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé la lọ. A kí àwọn tó ń kórè àgbàdo, a kọjá Issaba, a sì gbé alùpùpù sílẹ̀ níbi tí ọ̀nà ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó di èjìká mi mú. Kí a tó rí omi ni òórùn náà ti pàdé wa. Mo rò pé ẹran kan ló kú sínú igbó.

Adágún funfun fún ẹja. Gbogbo wọn ti kú, wọ́n léfòó, ikùn wọn wà lókè. Láàárín koríko etí omi, àwọn lékeléke nà sílẹ̀ bí àkísà. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ odò wà níbẹ̀, àwọn mìíràn kò tíì kú tán, wọ́n ń fi apá kan ṣoṣo lu ẹrẹ̀. Lápá òdìkejì, àwọn ọkùnrin inú ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta ń fi agbọ̀n kó ẹja. Oògùn kòkòrò tí wọ́n ń fín sí òwú ni wọ́n ti dà sómi láti fi pẹja.

"Ṣé a ti dé?" ẹ̀gbọ́n mi bi mí. "Wọn ò ké lónìí."

N kò mọ ohun tó ṣe mí. Mo ní, "Oòrùn ti ń mú. Wọ́n ń sinmi ni."

"Níbo?"

"Káàkiri ni wọ́n wà. Pẹ́pẹ́yẹ ló pọ̀ jù."

Ó gbé awò náà sójú. "Bá mi kọjú sí wọn."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú, mo sì kọjú rẹ̀ sí àárín gbùngbùn omi, níbi tí ó ti mọ́, tí kò sí nǹkan kan. Ó wá, ó wá, ó wá títí.

"N ò rí nǹkan kan."

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fò ni, Ẹ̀gbọ́n."

Ó sọ awò náà kalẹ̀ sí àyà rẹ̀. "Ojú mi ló ń kú. Imú mi ò tíì kú. Kí ló ń rùn?"

 Ó fi mí sílẹ̀, ó rìn wọ inú ẹrẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ tálẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ba ẹyẹ kan. Ó fọwọ́ wá ẹnu rẹ̀, ó fọwọ́ wá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó na àwọn ọmọ ìka gígùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá gbé e súnmọ́ ojú rẹ̀ gan-an, ó wò ó pẹ́.

"Mú kàyé," ó ní. "Kọ ohun tí o rí. Má kọ ohun tó wù ọ́ kí n rí."

Mo kọ ọ́. 

Bí a ṣe wà níbẹ̀ ni obìnrin kan ti etí omi bọ̀, ó ru agbada ẹja, ó pọn ọmọ kan sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ ẹja yìí. Oògùn wà nínú rẹ̀."

"Èmi kọ́ ni mo da oògùn síbẹ̀," obìnrin náà dáhùn. "Ẹja ti kú. Ṣé kó jẹrà ni?"

"Àwọn ọmọ yín ńkọ́?"

"A óò fọ̀ ọ́ dáadáa. A óò yan án." Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

A lọ bá olórí abúlé etí omi náà. Ó fún wa lómi, ó gbọ́ wa dópin, ó ní òun yóò pe àwọn ọ̀dọ́ jọ. Òórùn ẹja yíyan ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Nígbà tí a ń padà lọ sílé, ẹ̀gbọ́n mi kò di ìbàdí mi mú bó ṣe máa ń ṣe. Irin ẹ̀yìn alùpùpù ló dì mú. Bí a ṣe dé Pobè, ó ní, "Ohun tí mo bá rí kẹ́yìn ni yóò bá mi gbé títí n ó fi kú. Irọ́ lo fẹ́ fún mi."

Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí a gbọ́ pé ọmọ kan ti kú ní abúlé náà, pé ó bì títí agbára fi tán nínú rẹ̀. Àwọn kan ní ibà ni. Kò sẹ́ni tó wádìí. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n gbé òun lọ.

Obìnrin alágbada ẹja yẹn ni ìyá ọmọ náà. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀já tó fi ń pọnmọ wà lórí itan rẹ̀. Mo fẹ́ sọ ohun tí a máa ń sọ, pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. 

Obìnrin náà wo ẹ̀gbọ́n mi. "Ẹ ti sọ fún mi," ó ní. "Ẹ ti sọ fún mi. N ò ní ohun mìíràn tí mo lè sè lọ́jọ́ yẹn."

"Ó yẹ kí n gba agbada yẹn dànù," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Ó na ọwọ́, kò bá a. Obìnrin náà ló sún mọ́ ọn, tó gba ọwọ́ rẹ̀ mú.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ fi máa rọ̀, ojú ẹ̀gbọ́n mi ti fọ́ pátápátá. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé báyìí. Ó máa ń ní kí n gbé òun lọ kí obìnrin yẹn, mo sì máa ń gbé e lọ. Ẹ̀yìn ilé ibẹ̀ ni ọ̀nà adágún wà. A kò gbà á mọ́.