Ìwé Mẹ́rin Lábẹ́ Ìgò Omi

Dókítà adìyẹ ni mí. Láti Ẹgbẹ́dá títí dé Lálúpọn, bí adìyẹ ẹnìkan bá ń tòògbé lọ́sàn-án gangan, èmi ni wọ́n máa ń pè. Nítorí náà, nígbà tí mo sọ nílé pé mo fẹ́ lọ sókè òkun lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò nínú ìkùukùu, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí wọ́n ń gbé ní Ìyànà Ọ̀fà, wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Àwọn adìyẹ tí ò ń tọ́jú gan-an ò fò. Ta ló rán ọ?"

Kì í kúkú ṣe pé n kò mọ bàálù wà. Ìgbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní Gúúsù Áfíríkà ni mo ti gba ìwé-àṣẹ láti máa wa èyí tó kéré, fún ìgbádùn ara mi. Ọ̀rẹ́ mi kan sì ní ọ̀kan tó ń gbé sí pápákọ̀ òfurufú Alákíà. Ṣùgbọ́n ìwé-àṣẹ yẹn, ti ẹni tó ń rí ìta ni. Bí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, kí n yáa jókòó sílé. Èyí tí mo ń wá báyìí ni ti ẹni tó lè fi àwọn agogo iwájú awakọ̀, tó ń sọ bí bàálù ṣe dúró, nìkan fò, láìrí ilẹ̀, láìrí ọ̀run. Ibi mẹ́ta ni mo rí tí mo ti lè kọ́ ọ: Fúlọ́rídà ní Amẹ́ríkà, Gúúsù Áfíríkà, àti ìlú ọba.

Ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé ìkùukùu ti fẹ́ pa mí lẹ́ẹ̀kan. Mo sì mọ ara mi. Bí n kò bá kọ́ ọ, n kò ní fi bàálù sílẹ̀, lọ́jọ́ kan ìkùukùu yóò sì parí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò ra tíkẹ́ẹ̀tì kí n máa lọ, àgbàlagbà bíi tèmi. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ò mọ màmá mi. Nílé wa, a kì í rìnrìn àjò láìjẹ́ pé wọ́n gbé ọwọ́ lé wa lórí lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n sì ti ní ọwọ́ àwọn ò ní kan orí mi lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà tí mo bẹ̀bẹ̀ títí, wọ́n ní ká bi Ọlọ́run. Aládùúrà ni wọ́n. Mo fi bírò olómi kọ orúkọ ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí pélébé ìwé mẹ́ta, wọ́n ká wọn, wọ́n sì lọ fi wọ́n sábẹ́ ìgò omi àdúrà níwájú pẹpẹ fún ọjọ́ mẹ́ta. Àṣé ìgò náà ń jò. Nígbà tí wọ́n tú àwọn ìwé náà nílé, gbogbo yíǹkì mi ti ṣàn lọ. Ṣùgbọ́n ìwé kẹrin wà láàárín wọn, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ kedere: ILÉ. Màmá mi kígbe, "Halelúyà!"

Mo wo ìwé náà dáadáa. Pẹ́ńsù ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹsẹ̀ L rẹ̀ gùn gbọọrọ, irú èyí tí màmá mi máa ń kọ sára àpò gàrí wọn. Inú bí mi, mo sì fẹ́ rẹ́rìn-ín, n kò mọ èyí tí ǹ bá kọ́kọ́ ṣe.

Bàbá mi gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Hẹdimásítà tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi sì ni wọ́n. Wọ́n ní, "Ọlọ́run kì í fi pẹ́ńsù dáhùn àdúrà." Wọ́n pe ìpàdé fún ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìnkùlé, níbi tí màmá mi ti ń ṣe gàrí, wọ́n sì ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe ìpàdé ìjọ wọn: ẹnìkan yóò dábàá, ẹlòmíràn yóò kín in lẹ́yìn, a óò wá nawọ́. Wọ́n ní èmi ò gbọdọ̀ nawọ́, torí ọ̀rọ̀ mi ni.

Bàbá dábàá Fúlọ́rídà, nítorí oòrùn máa ń ràn níbẹ̀ dáadáa. Kò sẹ́ni tó kín wọn lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n wọn dábàá Gúúsù Áfíríkà, nítorí mo ti mọ ọjà ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó kín àwọn náà lẹ́yìn. Màmá mi kò dábàá ohunkóhun. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń bó, ọ̀bẹ wọn ń lọ wárawàra.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi bá bi mí pé kí ló tilẹ̀ le nínú ọ̀rọ̀ náà. Mo ní nínú ìkùukùu, ara ẹni á máa purọ́ fúnni: bàálù á ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ara á ní ó dúró déédéé. Agogo nìkan lèèyàn gbọ́dọ̀ gbà gbọ́.

"Irọ́ ńlá!" ni ìdáhùn wọn. "Ara ta ló ń purọ́ fún un?"

Bàbá mi dìde. "Ká dán an wò."

Wọ́n tú gèlè orí ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n fi dì mí lójú ní ìlọ́po méjì, wọ́n yí mi bírí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bàbá mi gbé fóònù mi dání, wọ́n ń wo kọ́ńpáàsì atọ́nà inú rẹ̀, àwọn ni agogo. Mo gbọ́dọ̀ rìn dé abẹ́ ahéré tí wọ́n ti ń yan gàrí. Wọ́n ní, "Yà sọ́tùn-ún." Mo yà. "Yà sọ́tùn-ún sí i." Ṣùgbọ́n ooru oòrùn kàn mí lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì, mo fi pè é ní ti iná, ó sì dá mi lójú pé òsì ni ahéré wà. Mo ní wọn ò mọ kọ́ńpáàsì kà. Mo yà sósì. Ẹsẹ̀ méjì péré, mo já sínú báàfù ńlá tí màmá mi rẹ ẹ̀gẹ́ láfún sí láti ọjọ́ kẹta.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. "Òkùnkùn ò mọ ẹni ọ̀wọ̀ o, dókítà!" Bàbá mi ń kọ èsì ìdánwò sínú ìwé: ó féèlì.

Màmá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tú gèlè náà lójú mi, wọ́n ń nu omi ẹ̀gẹ́ kúrò létí mi. Wọ́n rọra bi mí pé, "Ọjọ́ tí o ti Alákíà dé, tí o dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, tí o tẹ́ ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó di ilẹ̀ mú, ṣé ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn?"

Ẹ̀rù bà mí. Èmi rò pé kò sẹ́ni tó rí mi. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Mo rò pé mo dúró déédéé. Ìgbà tí mo jáde kúrò nínú ìkùukùu, oko ẹ̀gẹ́ ló dúró gbagidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó kù díẹ̀."

Màmá mi jókòó padà sórí àpótí wọn.

"Níbo ni ìkùukùu ti pọ̀ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Ìlú ọba, Mà."

Bàbá mi ní, "Ṣùgbọ́n oòrùn Fúlọ́rídà..."

"Oòrùn kọ́ ló fẹ́ pa á." Màmá mi na ọ̀bẹ sókè bí ẹni tó ń nawọ́ ní ìpàdé. "Mo dábàá ìlú ọba. Kí ìkùukùu bá a níbi tí olùkọ́ jókòó tì í."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní àwọn kín in lẹ́yìn. Bàbá mi kọ ọ́ sínú ìwé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo ń lọ, màmá mi gbé ọwọ́ méjèèjì lé mi lórí lẹ́nu ọ̀nà, ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé e kúrò. Wọ́n fi ìwé pélébé kan lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ti fi pẹ́ńsù kọ ÌLÚ ỌBA sí i, L rẹ̀ gùn gbọọrọ. Mo yí i padà, mo rí ILÉ tọjọ́sí.

"Ẹ̀yìn yẹn," ni wọ́n wí, "ìgbà tí o bá mọ̀ ọ́n tán ni kí o kà á."

Mo tọ́jú rẹ̀ sínú ìwé ìrìnnà mi. Ó ṣì ń rùn fún ẹ̀gẹ́.