Ẹ́ńjìnnì Tí Verlin Ní Kí Ọmọ Òun Rà

Ogójì ọdún ni Verlin Stidham fi tún ọkọ̀ ṣe ní ìlú kékeré kan lábẹ́ òkè Kentucky ní Amẹ́ríkà, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Bí oníbàárà bá ṣi ọkọ̀ lò, yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí omi yóò fi lé ròrò lójú rẹ̀. Bí baba tirẹ̀ ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Ó gbà pé àṣìṣe tí èèyàn bá ṣe lójú ọ̀pọ̀ èrò, kò ní ṣe é mọ́ láéláé.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Rodell, ẹni ọgbọ̀n ọdún. Rodell mọṣẹ́, àmọ́ ilé iṣẹ́ ìlagi ló ti ń ṣiṣẹ́, torí baba rẹ̀ ti búra pé òun ò ní kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ tòun sára pátákó ṣọ́ọ̀bù, àfi tó bá dá to ọkọ̀ kan tó gbayì. Pátákó yẹn ni Rodell ń lé. Ó ra ọkọ̀ Chevelle ọdún 1970 tó ti dípẹtà, ó tún ara ọkọ̀ náà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù baba rẹ̀, ó kùn ún láwọ̀ búlúù. Ó wá ku ẹ́ńjìnnì, irú ràgàjì tuntun tí wọ́n máa ń dì sínú àpótí pákó, tí èèyàn á kàn gbé sínú ọkọ̀. Ó gbé ìwé àwòrán wọn lọ bá baba rẹ̀.

"Dádì, ẹ́ńjìnnì 454 yìí ni mo rò. Ẹ wo 572, ó tóbi jù ú lọ dáadáa, àmọ́ ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí."

"Ẹ̀rù ẹ́ńjìnnì? Pẹ̀lú irùngbọ̀n ẹ yìí? Jẹ́ n kúkú ra kẹ̀kẹ́ ọmọdé fún ẹ."

"Ṣé àwọn nǹkan tó kù lára ọkọ̀ á lè gbé e?"

Verlin bu kọfí mu. "Ra èyí tó tóbi, jàre."

Irin ẹ̀yìn tó ń yí táyà ọkọ̀ náà, ti ẹ́ńjìnnì kékeré ni. Kò lè gba agbára 572 láéláé, Verlin sì mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Verlin wà lọ́jà, ó ń wo orí ọmọ tirẹ̀ tó ń wọ́, ó tún bu kọfí kún un. Ó ti ṣètò gbogbo rẹ̀ sínú: ojú á kọ́kọ́ ti Rodell, á kọ́gbọ́n, lẹ́yìn náà lòun á fún un ní pátákó. Ó tiẹ̀ ti kọ ọ́ tán, ó fi tapólì bò ó sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìkà pọ̀ láyé, àmọ́ èyí tó ń pe ara rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ ló burú jù.

Rodell ra 572, ó gbé e sínú ọkọ̀. Ní ọ̀sán Sátidé tó fẹ́ gbé e sáré, gbogbo ìlú wà ní pápá eré ọkọ̀. Rodell tẹ iná mọ́ ọn, èéfín sọ lára táyà, irin ẹ̀yìn sì kán gbàù! Ọkọ̀ ò tíì rìn tó ogójì ẹsẹ̀ bàtà tó fi dúró gbagidi. Verlin ló kọ́kọ́ dìde.

"Ẹ wá wo ọkọ̀ ọmọ mi o! Ẹ́ńjìnnì erin, ẹsẹ̀ adìyẹ!"

Èrò rẹ́rìn-ín títí, àwọn kan jókòó sílẹ̀. Rodell rìn wá bá a.

"Dádì, ṣé ẹ mọ̀ pé ó máa kán?"

"Mo mọ̀ látọjọ́ tó o gbé ìwé yẹn wá. O ò ní gbàgbé mọ́."

"Rárá. Mi ò ní gbàgbé."

Lọ́jọ́ kejì, Rodell wá kó irinṣẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yìn tapólì ni àpótí rẹ̀ wà, ó ṣí i, ó sì rí i: *Stidham àti Ọmọ*.

"Ìgbà wo lẹ kọ eléyìí?"

"Oṣù tó kọjá."

"Kí n tó lọ sáré?"

"Kó o tó lọ."

Rodell rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín baba rẹ̀ gan-an. Ó fi tapólì bo pátákó padà, ó gbé àpótí rẹ̀, ó lọ.

Verlin fúnra rẹ̀ ló gbé pátákó náà kọ́. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án báyìí. Bí àlejò bá béèrè ọmọ tó wà lára pátákó, Verlin á ní ó lọ jẹun ọ̀sán. Àwọn ará ìlú tó mọ̀ pé Rodell ti kó lọ sí Tennessee kì í jẹ́ kó rímú mí.

"Verlin, oúnjẹ wo lọmọ ẹ ń jẹ fọ́dún mẹ́sàn-án?"

Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín lójú rẹ̀, bó ṣe kọ́ wọn.