Ta Ló Ní Kí Wọ́n Má Sin Sàníù?

Sàníù Oyèbánjí ti kú. Ó kú ní Moniya lọ́sàn-án ọjọ́ Àlàmísì kan, lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn tí kò ní dókítà. Ó ti lé lóṣù kan báyìí, wọn ò tíì sin ín. Mùsùlùmí, ọmọ Ìjàyè, tó yẹ kí wọ́n ti wẹ̀, kí wọ́n ti kírun sí lára kí oòrùn tó wọ̀, òun ló wà nínú yìnyín ní mọ́ṣúárì Ìbàdàn bí ẹja tútù. Áà! Ta la fẹ́ rò ó fún?

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Iṣu àti ẹ̀gẹ́ ni bàbá rẹ̀ gbìn títí ó fi kú. Ara ògiri ẹ̀yìnkùlé wọn ni Sàníù ti kọ́ tẹníìsì. Á máa gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri, gbò, gbò, gbò, títí ìyá rẹ̀, Màmá Mùsílímátù, á fi pariwo pé, "Sàníù, ṣé o fẹ́ wó ilé lé wa lórí ni?" Á ní, "Ẹ má bínú, màmá, ó ku ẹyọ kan." Ẹyọ kan yẹn kì í tán. Bó ṣe gbá a nìyẹn tó fi bọ́ sínú ẹgbẹ́ tó ń ṣojú Nàìjíríà nínú ìdíje tẹníìsì tí orílẹ̀-èdè ti ń bá orílẹ̀-èdè figagbága.

Àṣà kan wà nínú ìdíje yẹn. Rẹfirí tó jókòó sórí àga gíga kì í pe orúkọ ẹni tó jẹ ayò, orúkọ orílẹ̀-èdè ló ń pè. Lọ́jọ́ tí Sàníù kọ́kọ́ gbá a l'Ékòó, gbogbo agbolé yí rédíò ká. Òyìnbó ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n "Nàìjíríà" ò ṣòroó gbọ́. Nàìjíríà ló jẹ. Nàìjíríà ló tún jẹ. Màmá kọjú sí Àmọ̀pé, àbúrò Sàníù: "Ta tiẹ̀ ni Nàìjíríà yìí? Ọmọ tèmi ńkọ́? Ṣé wọn ò jẹ́ kó gbá a ni?" Àmọ̀pé rẹ́rìn-ín títí. "Màmá, Bùọ̀dá gan-an ni Nàìjíríà!" Láti ọjọ́ yẹn ni Ìjàyè ti ń pe màmá ní Ìyá Nàìjíríà, màmá náà sì ń jẹ́ ẹ tayọ̀tayọ̀.

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Nígbà tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun Nàìjíríà ní àgọ́ ìgbaradì, ta ló gbé e lọ bá dókítà? Ọ̀gbẹ́ni Josiah Fádèyí, akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn, ní kó fara dà á ná, pé tí ìdíje bá parí, wọn á tọ́jú rẹ̀. Ó fara dà á. Ó gbá a, ó jẹ. Ìdíje parí, wọ́n fi í sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ní kó lọ sinmi nílé. Moniya ló dé, kò délé láàyè. Ayò jẹ́ ti Nàìjíríà, àìsàn wá di ti Sàníù.

Ó kú tán ni akọ̀wé wá yọjú. Wọ́n ti gbé òkú dé Ìjàyè, wọ́n ti gbẹ́ sàréè, omi ìwẹ̀ ti wà nílẹ̀. Josiah sọ̀ nínú mọ́tò, ó ní, "Ẹ ò gbọdọ̀ sin ín bẹ́ẹ̀ o! Ọmọ ìjọba ni. Àsíá la máa fi bò ó, ọ̀gágun tó ń ṣèjọba fúnra wọn ń bọ̀. Ẹ dúró dè wá." Alùfáà Ishaq ní, "Ọ̀gá, òkú tiwa kì í dúró." Ṣùgbọ́n Ìyá Nàìjíríà ni màmá. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ kọ̀ fún Nàìjíríà? Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e. Wọ́n fẹ́ yẹ́ ẹ sí ni." Wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ yẹn gé ìka àbámọ̀ jẹ láti ìgbà náà.

Ọ̀gágun dà? Àsíá dà? Màmá lọ sí mọ́ṣúárì, àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní ẹni tó gbé òkú wá nìkan ló lè gbé e. Màmá wá Josiah lọ sí ọ́fíìsì, àwọn tibẹ̀ ní ó ti bá ẹgbẹ́ lọ sókè òkun. Àwọn yẹn ti rí Nàìjíríà mìíràn mú.

Mo dé Ìjàyè lọ́sẹ̀ tó kọjá. Sàréè ṣì la ẹnu sílẹ̀, òjò ti rọ̀ sí i, wọ́n fi páànù bò ó kí ewúrẹ́ má baà jìn sínú ẹ̀. Màmá jókòó, wọ́n kọjú sí ògiri ẹ̀yìnkùlé. Lọ́sàn-án gangan, wọ́n ṣàdédé dì mí lápá mú. "Ṣé ẹ gbọ́ ọ?" Mi ò gbọ́ nǹkan kan. "Ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá pariwo mọ́ ọn, á dá mi lóhùn." Múyì ọlọ́kadà náà búra pé òun rí Sàníù ní gáréèjì Moniya, tòun ti rákẹ́ẹ̀tì, tó ń béèrè mọ́tò Ìjàyè. Wọ́n ní ó ti di àkúdàáyà. Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Èmi, nígbà tí mo dìde pé kí n máa lọ, mi ò lè gba ẹ̀yìn ògiri yẹn kọjá. Ẹ̀rù bà mí.

Josiah Fádèyí, mi ò ní í pọ́n ọ lé lónìí, ẹni tó mọ iyì òkú là ń pọ́n lé. Ta ló ní kí ẹ má pe dókítà? Ta ló rán ọ wá sí Ìjàyè? Jáde, kí o wá fẹnu ara rẹ sọ ọ́. A ò fẹ́ àsíá yín mọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, tí wọ́n bá kírun tán, Màmá Mùsílímátù ń lọ sí mọ́ṣúárì, gbogbo Ìjàyè á sì tẹ̀lé wọn. Mo bi màmá léèrè pé tí àwọn mọ́ṣúárì bá tún ní ẹni tó gbé e wá ló lè gbé e ńkọ́?

"Èmi ni mo gbé e wá sáyé," ni wọ́n wí. "Kí wọ́n gbé e fún mi."