Bọ́ọ̀dù Orin tí Ràmọ́tà Ṣe

Ẹni tó bá ń kánjú ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún 1988 kì í gba iwájú tábìlì Ràmọ́tà kọjá ní Takie. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni, abẹ́ agbòòrùn tó ti fàya ló ti ń tún rédíò ṣe, ó sì lè kí ènìyàn títí dórí ewúrẹ́ tí onítọ̀hún so mọ́lẹ̀ nílé. Lójú rẹ̀, ẹni tí kò bá kíni kò gba ẹ̀kọ́ ilé.

Oòrùn nìkan ló ń dà á láàmú. Ṣọ́ọ̀bù kan ṣófo lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi kan, Díákónì Bámgbóṣé tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ti là á mọ́lẹ̀ fún un pé: "Ṣe bọ́ọ̀dù oníná tí yóò máa fi nọ́ńbà orin han ìjọ. Bó bá ṣiṣẹ́, o gba ṣọ́ọ̀bù. Bí kò bá ṣiṣẹ́, padà sínú oòrùn rẹ." Pé mùsùlùmí ni Ràmọ́tà kò dí nǹkan kan lọ́wọ́, iná mànàmáná kì í béèrè ẹ̀sìn.

Ẹni tí kò fẹ́ rí bọ́ọ̀dù náà sójú ni Ebenezer, olórí ẹgbẹ́ akọrin. Òun ló máa ń fi ohùn ńlá kéde nọ́ńbà orin, àwọn ìyá ìjọ sì fẹ́ràn ohùn yẹn ju orin fúnra rẹ̀ lọ. Wọ́n wá ní kó máa tẹ nọ́ńbà sórí àpótí kékeré oníbọ́tìnnì tí yóò gbé e lọ sórí bọ́ọ̀dù. Inú bí i gidigidi.

Àpótí wà lọ́dọ̀ akọrin, bọ́ọ̀dù wà lókè pẹpẹ, wáyà ló so wọ́n pọ̀. Wọ́n nílò ètò tí wọn yóò fi máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, ètò náà sì gbọ́dọ̀ wọ inú ọpọlọ ẹ̀rọ tí kò tóbi ju èékánná lọ. Méjì ni Ràmọ́tà rí nínú ìwé. Èkíní gùn: àpótí á béèrè bóyá bọ́ọ̀dù wà nílé, bọ́ọ̀dù á dáhùn, àpótí á ní òun gbọ́, bọ́ọ̀dù á ní òun náà gbọ́, kí wọ́n tó kan nọ́ńbà. Nínú èkejì, àpótí á kàn ju nọ́ńbà sọ́nà, ó parí.

"Ẹ wo aláìlẹ́kọ̀ọ́!" ni Ràmọ́tà wí. Ó mú èkíní, ó sì ń ròyìn ìkíni ẹ̀rọ rẹ̀ kiri.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dán an wò, Ebenezer tẹ 214. Ìkíni ti gba gbogbo inú ọpọlọ ẹ̀rọ. Bọ́ọ̀dù pẹ́ títí, ó wá gbé 21 jáde.

"Mẹ́rin wá ńkọ́?" ni Díákónì béèrè.

"Ó ṣì ń kí wọn bọ̀ lọ́nà ni, sà," ni Ebenezer dáhùn, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti dùùrù.

Ojú ti Ràmọ́tà. Díákónì ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ lòpin.

Ètò kúkúrú ìbá wọ inú ọpọlọ ẹ̀rọ náà dáadáa. Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà bá yí padà nínú wáyà, ta ni yóò mọ̀? Ràmọ́tà bá gé gbogbo ìkíni kúrò nínú ètò gígùn, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀rọ bó ṣe ń gé e. Èsì ẹyọ kan ló fi sílẹ̀: bọ́ọ̀dù á tún ohun tó gbọ́ sọ fún àpótí. Bó bá bá ohun tí ìka tẹ̀ mu, iná àwọ̀ ewé á tàn lára àpótí. Bí kò bá bá a mu, iná pupa. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún Díákónì àti Ebenezer.

Ìdúpẹ́ ọmọ tuntun ni wọ́n ṣe lọ́jọ́ Ìsinmi náà. Ìyá àgbà ọmọ, Màmá Abigail, gbé e dúró níwájú. Ebenezer tẹ nọ́ńbà orin ìsìnkú. Nọ́ńbà náà yọ lórí bọ́ọ̀dù, ìjọ sì ṣí ìwé orin.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" ni Màmá Abigail ké. "Ta ló kú?"

"Ẹ̀rọ yẹn ni o!" ni Ebenezer pariwo. "Orin ọpẹ́ ni mo tẹ̀. Ṣé mo sọ fún yín àbí mi ò sọ?"

Ẹnu ọ̀nà ni Ràmọ́tà dúró sí. Ó ti rí i pé ṣọ́ọ̀bù ń bọ́ lọ́wọ́ òun. Àfi bó ṣe rí ìwé orin Ebenezer tó dojú bo àpótí.

"Bàbá Díákónì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi gbé ìwé yẹn kúrò níbẹ̀."

Díákónì gbé e. Iná àwọ̀ ewé ń tàn yòò lábẹ́ rẹ̀.

"Ebenezer," ló wí, "ìka rẹ àti bọ́ọ̀dù ò jà rárá."

Díákónì fúnra rẹ̀ ló tẹ orin ọpẹ́. Lẹ́yìn ìsìn, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé Ràmọ́tà lọ́wọ́, ó ní kí Ebenezer lọ ru tábìlì rẹ̀ wá láti Takie. Ràmọ́tà bá a bẹ̀bẹ̀ díẹ̀, nítorí àwọn ènìyàn ń wò. Ìgbà tí tábìlì ti wà lórí Ebenezer tán ló wá rántí àwọn bátìrì ọkọ̀ wúwo tó ti kú, tó kó jọ sábẹ́ agbòòrùn, tí òun ò lè fi sílẹ̀ láéláé.