Ọjọ́ Tí Bàbá Dín-in-kù Ná Àbúrò Rẹ̀

Ẹni tí ò mọ ìtàn kankan nípa Bàbá Dín-in-kù, olóògbé tó ń tún bàtà ṣe, á mọ ti ọjọ́ tó wọ ilé ọtí lọ bá àbúrò rẹ̀. Àbúrò náà, télọ̀ ni, ti mu yó kẹ́ri, ó gbórí lé tábìlì. Gbogbo ojú ń retí ìgbájú. Bàbá kàn kọjú sí ìyá ọlọ́tí.

"Èló lẹ fẹ́ ta eléyìí?"

"Ẹ̀n-ẹ́n? Bàbá, èèyàn mà nìyẹn. A kì í tà á."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi ń pàtẹ rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́?"

Kò sóhun tí Bàbá kì í ná. Dókítà fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́ nígbà kan, ó ní bí wọn ò bá lè fojú fò ó, kí wọ́n ṣáà bá òun wá èyí tó kúrú. Lọ́jọ́ tó sì pọn télọ̀ kúrò nílé ọtí, ó mí hẹlẹ láàárín ọ̀nà, ó ní: "Àbúrò mi, jọ̀ọ́, dín ara ẹ kù díẹ̀."

Ó ti wàásù fún un tẹ́lẹ̀, ó ti bú u, pàbó ló já sí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó bi í ní ohun tẹ́nikẹ́ni ò bi í rí.

"Ìgbà wo gan-an ni ọtí máa ń pè ẹ́?"

Télọ̀ ronú lọ títí. "Tí mo bá ti ilẹ̀kùn, tí n ò gbóhùn ẹnì kankan. Látìgbà tíyàwó mi ti kú, ilé yìí dákẹ́ jù, ẹ̀gbọ́n."

Bàbá, ẹni tẹ́nu rẹ̀ kì í sinmi, rọra sún mọ́ ọn. Ó ní: "Èmi rò pé ọ̀nà ọ̀fun ló ń yọ ẹ́ lẹ́nu."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti kó òòlù, awọ àti bàtà oníbàtà wọ yàrá télọ̀. Ó ń kan ìṣó, ó ń bá àwọn oníbàárà fa ọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ariwo yín ti pọ̀ jù!"

"Sọ iye tó o fẹ́ ká fi í sí."

Télọ̀ tún ṣubú sọ́tí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Bàbá ò lé e; á kàn sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. Díẹ̀díẹ̀, ọtí ò pe télọ̀ mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n sin Bàbá, gbogbo ilé ń sọ ìtàn rẹ̀, ẹ̀rín ń sọ. Télọ̀ rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ, àfìgbà tó fọwọ́ kan ojú tó bá omijé. Nígbà tí àwọn àlejò túká, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló kù lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọkọ mi, ẹ máa lọ sinmi."

Télọ̀ fa àpótí sún mọ́ ọn. "Ìyàwó wa, n ò lọ síbì kankan. Ẹ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látìgbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ ríra yín."

Ìyàwó nu ojú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀.