Ìgbà tí a Lọ Wádìí Ìdílé Iná

Òórùn gàrí ló máa ń jí mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kì í ṣe àkùkọ. Àkùkọ ilé wa kò tilẹ̀ ráyè kọ dáadáa, nítorí èéfín ilé ìdáná ìyá mi ti dí i lọ́fun pa. Tó bá ya ẹnu láti kọ, ikọ́ ló máa ń jáde. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà ní agbègbè Ọ̀wọ̀, ẹ mọ òórùn tí mò ń wí: gàrí tó ń gbẹ lórí agbada gbígbòòrò, èéfín igi kòkó tí òjò pa, àti ìrì tó ṣì wà lára koríko. Ní agboolé wa ní Èmùrè-Ilé, òórùn yẹn ni aago wa. Tí gàrí bá ti ń ta sánsán, a mọ̀ pé ilé ìwé ti yá, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wá ibi tí a ó sá sí.

Gàrí ni ìyá mi ń yan tà. Kò sí ẹni tó ń yan gàrí tó lè ya iná nípa, òun àti iná jọ ń gbé ni. Èéfín inú ilé ìdáná yẹn, ẹ má bá mi jiyàn, ó nípọn débi pé ènìyàn lè fi ẹ̀wù kọ́ sí i lára. Ewúrẹ́ wa kan wọ ibẹ̀ ní funfun, ó jáde ní dúdú, a sì ní láti fún un ní orúkọ mìíràn. Adìẹ tó bá yé sẹ́yìn ààrò, ẹyin rẹ̀ á ti jinná kí a tó kó o. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kí ó lọ béèrè lọ́wọ́ ewúrẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n ojú ìyá mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ó pọ́n bí ẹyìn, omi a sì máa dà lójú rẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo dúró gbọnin níwájú rẹ̀, ó pè mí ní Bọ́sẹ̀dé, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. A kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Àgbẹ̀ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, àmọ́ ó gbé òkèlè ọwọ́ rẹ̀ padà sínú àwo, ó ní, "Iná tó wà nílé yìí ń jẹ ojú ìyàwó mi. A ó pààrọ̀ iná."

Àsìkò yẹn gan-an ni ọkùnrin kan tó ń sun èédú lọ́nà Arímogija ń wá igi kiri. Ojú rẹ̀ wọ àwọn igi ayùnrẹ́ ńláńlá tó ṣíji bo Omitútù, ìsun omi tí gbogbo agboolé wa ń pọn. Ó ní tí bàbá mi bá jẹ́ kí òun gé wọn, ìyá mi kò tún ní wá iná mọ́ láyé. Òun yóò máa fi èédú ránṣẹ́ sí i. Ó gbé àpò kan sílẹ̀ kí a fi dán an wò. Ìyá mi koná sí i, ó yan gàrí lórí rẹ̀, kò sí èéfín rárá. Ewúrẹ́ wọlé, ó jáde, àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà! Bàbá mi nu ojú ìyá mi pẹ̀lú etí aṣọ rẹ̀, ohun tí n kò rí i kó ṣe rí, ó sì ní kí ọkùnrin náà máa gbé ayùn rẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn ọjà tó ń bọ̀.

Ìyá tó bí bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ló dá ọ̀rọ̀ náà dúró. Ó jókòó lórí àpótí, ó ń run pákò. Ó tu itọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ṣé bí wọ́n ṣe ń gbé ìyàwó nìyí? Ọmọge kan wọlé, ó kúnlẹ̀ dáadáa, kò pariwo, ẹ sì ti ní tiyín ni. Ẹ ò tíì dé ilé bàbá rẹ̀!"

Bàbá mi ní, "Ìyá, iná ni o, kì í ṣe ènìyàn."

"Iná tó lè jó ilé rẹ kanlẹ̀, òun ni o kò fẹ́ wádìí?"

Ẹ̀yin náà ẹ rántí bó ṣe rí nígbà náà. Kí wọ́n tó gbé ìyàwó, alárinà á lọ, á bọ̀. Á jókòó sọ́dọ̀ aládùúgbò bí ẹni tó wá tọrọ omi, á máa fọgbọ́n béèrè: ṣé wọn kì í ya wèrè nídìílé yẹn? Ṣé wọn kì í jalè? Ìyá Àgbà ní ìyàwó ni iná, inú ilé ni yóò máa gbé, òun ni yóò máa se oúnjẹ wa. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ mọ ibi tí wọ́n ti bí i, a sì gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní òun pẹ̀lú èmi àti Bọ́sẹ̀dé ni a ó jọ lọ ṣe alárinà náà. Inú mi dùn dé góńgó. Mo ti kàwé dé ibi tí wọ́n ti ń pín nǹkan sí méjì nígbà náà; ibi tí wọ́n ti fẹ́ máa pín in sí mẹ́ta ni mo ti fi ìwé sílẹ̀ fún àwọn tó ní sùúrù.

Igi ìdáná kò mú wa rìn jìnnà, ọmọ ilé ni. Ìyá Àgbà dá a lẹ́jọ́ lórí àpótí rẹ̀: "Oko kòkó ni wọ́n ti bí i. Ẹ̀ka tó gbẹ là ń ṣà, ìyá rẹ̀ ṣì wà lóòró. Eérú rẹ̀ là fi ń se ọṣẹ. Ìdílé rẹ̀ dára, ẹnu rẹ̀ ló ń rùn."

Ó ku kẹrosíìnì, nítorí pé ìyá mi ti rí sítóòfù nílé ìyàwó tíṣà, ọkàn rẹ̀ sì ń fà sí i díẹ̀díẹ̀. A wọ Ọ̀wọ̀ lọ bá Bàbá Ráfíù, Mùsùlùmí oníṣòwò kan tó ń ta kẹrosíìnì inú dírọ́ọ̀mù láàárín ìlú. Ìyá Àgbà kí i títí, ó ní, "A wá béèrè ìdílé ọmọ rẹ ni."

"Ráfíù? Ìyá, kí ló tún ṣe o?"

"Ráfíù kọ́. Kẹrosíìnì."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi já sínú àrọ tó fi ń rọ epo. Ó ní, "Ìyá, mo ń tà á ni, èmi kọ́ ni mo bí i." Ṣùgbọ́n olóòótọ́ ènìyàn ni. Ó ní òun ti dé ilẹ̀ olómi níbi tí wọ́n ti ń fa epo jáde lábẹ́ ilẹ̀. Odò ibẹ̀ ń dán bí orí tí wọ́n fi òróró pa, apẹja ju àwọ̀n, epo ló gbé jáde. Òpó irin gíga kan sì wà níbẹ̀ tí iná ń jó lórí rẹ̀ tọ̀sán tòru.

Ìyá Àgbà dá a dúró. "Ta ló ń se nǹkan lórí iná yẹn?"

"Kò sí ẹni tó ń se nǹkan kan."

"Iná ń jó, kò sí ìkòkò lórí rẹ̀?"

"Kò sí, Ìyá."

Arúgbó náà tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé. Ó yíjú sí wa, ó ní, "Wọ́n ń ya wèrè nídìílé yìí."

Bàbá Ráfíù kò bínú rárá. Ó ní ó kúkú ń bọ́ òun àti ọmọ òun. Bó ṣe gbọ́ pé Arímogija ló kàn, ó ní òun ń gbé dírọ́ọ̀mù lọ sápá ibẹ̀, kí a gòkè sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù òun. Mo fi ojú ara mi rí i: tí píkọ́ọ̀pù yẹn bá ń gun òkè, adìẹ á yà á sílẹ̀, á dúró níwájú, á máa wo ẹ̀yìn bóyá a ń bọ̀. Ìgbà tí a máa fi dé ibẹ̀, ṣòkòtò mi ti kúrú. Mo dàgbà sójú ọ̀nà ni.

Ibi tí wọ́n ti ń sun èédú náà wà lẹ́yìn abúlé kan. Kùkùté ni gbogbo ilẹ̀, bí eyín arúgbó. Òkìtì yẹ̀pẹ̀ wà káàkiri, èéfín ń rú jáde lára wọn bí ibojì tí òkú inú rẹ̀ ń fa tábà. N kò gbọ́ ẹyẹ kan. Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá ihò kan, ó ń fi igbá gbọ́n omi tó rí bí ẹ̀kọ àná, díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró dè é kó tún sun. Bọ́sẹ̀dé kí i, ó bi í pé, "Ẹ̀yin Ìyá, odò yín ńkọ́?"

Obìnrin náà wo ẹsẹ̀ wa. "Inú rẹ̀ lẹ dúró sí yẹn, ọmọ mi."

Lóòótọ́ ni. Mo wolẹ̀, mo rí àwọn òkúta róbótó tí omi ti fọ̀ dán nígbà kan rí. Àwọn igi tó ń ṣíji bò ó ti di èédú, wọ́n ti lọ sí ilé onílé, odò sì tẹ̀ lé wọn lọ.

Ẹni tó ń sun èédú náà jáde sí wa nínú èéfín. N kò mọ̀ ọ́n mọ́, nítorí ẹ̀wù tó wọ̀ wá sílé wa kọ́ ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n ju ti ìyá mi lọ. Ó kí Ìyá Àgbà, ó dọ̀bálẹ̀ sínú eérú, ó ní, "Iṣẹ́ ni, Ìyá." Ìyá Àgbà gbé e dìde. Kò bá a jà. Ó kàn wí fún wa lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù pé, "Ẹ ò rí i báyìí? Ọmọge tó wá sílé wa tí kò sunkún, ó ti sun ún tán nílé kó tó máa bọ̀ ni."

A jábọ̀ fún bàbá mi. Ó mọ ohun tí Omitútù jẹ́ fún wa. Àmọ́ ó mọ ojú ìyàwó rẹ̀ náà. Ó ní, "Gbogbo wọn ló ní àbùkù. Ṣé kí obìnrin yìí wá fọ́jú nítorí pé a ò rí ọmọge tó pé ni?" Pákò dúró sí Ìyá Àgbà lẹ́nu.

Inú èéfín ni ẹ̀rín ti jáde. Ìyá mi ló ń rẹ́rìn-ín. Ó yọjú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, agbọ̀n gàrí lọ́wọ́ rẹ̀, omi lójú rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin alárinà. Ṣé ará ilé ọkọ nìkan ló ń wádìí ni? Nígbà tí ẹ fẹ́ gbé mi wá, àwọn ẹ̀gbọ́n mi wá wo ilé yìí. Wọ́n wo òrùlé, wọ́n wo ibi tí n ó sùn. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ta ló bá iná wo ilé tí ẹ fi í sí? Ilé ìdáná yìí kò ní ojú fèrèsé kan ṣoṣo. Ẹ ti ìyàwó mọ́lé, ẹ wá ń sọ pé ẹnu rẹ̀ ń rùn!"

Ìyá Àgbà pàtẹ́wọ́. "Ọkọ ló jẹ̀bi!"

Bàbá mi kò jẹun ọjọ́ yẹn kó tó gbé dígà. Ó lu ògiri ẹ̀yìn jáde, ó lu ti ẹ̀gbẹ́, ó gbé orí òrùlé sókè kí èéfín lè rí ọ̀nà gbà. Ó tún kọ́ àtíbàbà fún igi, igi tútù kò sì wọ ilé ìdáná wa mọ́ láéláé. Èyí tó bá ti gbẹ tó ń dún kó bí igbá ni ìyá mi ń dá, pẹ̀lú èèpo èkùrọ́ láti mú un gbóná. Ní ọjọ́ tí ògiri náà wó, èéfín tó ti wà nínú ilé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí jáde. Ó jáde títí, àwọn ará Ọ̀wọ̀ rò pé òjò ń bọ̀, gbogbo wọn sáré kó aṣọ sá inú ilé.

Bàbá mi dá àpò èédú padà, àwọn ayùnrẹ́ wa sì wà níbi tí wọ́n wà. Ojú ìyá mi kò padà di ti ọmọge, n kò ní purọ́ nípa ìyẹn. Ṣùgbọ́n pípọ́n rẹ̀ wálẹ̀, omi rẹ̀ gbẹ, kò sì tún pè mí ní Bọ́sẹ̀dé mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí rí mi láti òkèèrè tí mo bá ń sá fún ilé ìwé. Ìyẹn nìkan ni ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí.

Mo ti di arúgbó báyìí, Ọ̀wọ̀ ni mò ń gbé. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò a máa jiyàn iná lójú mi: èyí tó dára, èyí tó ń ba ayé jẹ́. Mo ti dá gbogbo wọn lẹ́jọ́. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo láti ilé bàbá rẹ̀ dé ilé ọkọ. Gáàsì, àbúrò kẹrosíìnì ni, ó kàn mọ ara á wẹ̀ ni. Sólà tí ọmọ mi gbé sórí òrùlé mi lèmi fẹ́ràn, nítorí òkè ọ̀run ni ilé bàbá rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ń ṣiṣẹ́, fáànù ń fẹ́, èmi náà na ẹsẹ̀.

Ìgbà tí ẹni tó so sólà náà wá tún un ṣe ni mo tó rántí béèrè pé, "Bátìrì ńlá tó ń tọ́jú iná sólà yìí, tó bá kú, níbo ni wọ́n ń sin ín sí?" Ó ní ẹnìkan máa ń wá kó o. Mo ní ta ni? Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n. Mo ní níbo ló ń kó o lọ? Ó ní, "Bàbá, fóònù mi ń dún." N kò gbọ́ kí fóònù kankan dún.

Ó dùn mí díẹ̀. Ọmọdé tí mo jẹ́ nígbà kan lọ títí dé Arímogija kí ó tó gba iná láàyè. Àgbàlagbà yìí ti wo bọ́ọ̀lù títí ojú rẹ̀ fi ń yún un kó tó béèrè orúkọ ìdílé. Ọmọ yẹn sàn jù mí lọ. Irọ́ nìkan ni mo fi jù ú.

Mo wá pe ọmọ mi pé kó gbé mọ́tò wá ní Sátidé, kó gbé mi lọ síbi tí wọ́n ti ń tú òkú bátìrì, bó ti wù kó jìnnà tó. Ó ní, "Bàbá, kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

Mo ní mo ti gbé ìyàwó tipẹ́, n kò tíì lọ kí àwọn àna mi.