Káàdì Iwájú Ìkòkò Àbẹ̀ní

Àbẹ̀ní mi. Àbẹ̀ní ọmọ amọ̀kòkò Ìlọrin, ọmọ a-fẹ̀yìn-rìn-yí-amọ̀-ká, ọmọ a-sun-amọ̀-kó-dún-bí-agogo. Ìyá àwọn ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ pè é dáadáa, torí àìpè é ló ń bí mi nínú títí dòní.

Lẹ́yìn ọdún 1980 ni, ìgbà ooru. Àwọn ará ìlú kan láti inú aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà, lápá ìwọ̀ oòrùn, kó iṣẹ́ ọwọ́ wọn wá ṣàfihàn ní gbọ̀ngàn kan ní Oak Park, nítòsí ibi tí à ń gbé ní Amẹ́ríkà níbẹ̀: aṣọ híhun, apẹ̀rẹ̀, ìkòkò. Àìsàn ti mú Àbẹ̀ní fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ó ní dandan, òun á lọ wò ó.

Ìyá àgbà kan jókòó ti àwọn ìkòkò wọn. Wọn ò gbédè ara wọn. Àbẹ̀ní fi ìka kan ìkòkò ìyá náà, ó dún gooro. Ó ní, "Ó jinná!" Ìyá rẹ́rìn-ín. Ni Àbẹ̀ní bá fẹ̀yìn rìn yí àga kan ká, kó lè fi bí a ṣe ń mọ tiwa hàn án. Ẹ̀rín pa gbogbo wa.

Ọmọbìnrin tó ń ṣe àbójútó ibẹ̀ ní ká gbé tiwa náà wá. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ìkòkò kan ṣoṣo tí Àbẹ̀ní fọwọ́ ara rẹ̀ mọ, tó gbé lórí itan wá láti ilé nínú bàálù, lọ. Ọmọ náà bi mí pé ta ló ṣe é. Mo ní, "Our people." Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ ọ́ nílé. Amọ̀kòkò kì í sọ pé èmi ni; "ilé wa ló mọ ọ́n" ló ń wí, kó má jọ ìgbéraga. Mi ò mọ̀ pé orúkọ rẹ̀ ni mò ń pa rẹ́.

Ẹni tó kọ káàdì tí wọ́n fi síwájú ìkòkò náà rò pé ara ti aṣálẹ̀ ni. Nígbà tí mo mú Àbẹ̀ní lọ wò ó, ó ní kí n ka káàdì náà fóun. Mo túmọ̀ rẹ̀: ìkòkò láti aṣálẹ̀, a kò mọ ẹni tó mọ ọ́n.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ̀yin náà ò mọ̀ mí ni?" Ó tún ní, "Ẹ ti fi mí fọ́kọ ní aṣálẹ̀ nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nínú bọ́ọ̀sì, fèrèsé ló kọjú sí títí a fi délé.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi dá a dúró sí ọsibítù. Bí mo bá ti wọlé, á ní, "Wọ́n ti kọ orúkọ mi?"

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo padà lọ sí gbọ̀ngàn náà pé kí wọ́n tún káàdì náà kọ. "Sir, ẹ ní sùúrù, ẹni tó ń tẹ káàdì ò sí." Sùúrù wo? Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mi ò lè kọ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo ṣe ń bẹ̀ wọ́n kiri bí alágbe.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo dúró níwájú káàdì burúkú yẹn, ó wá sọ sí mi lọ́kàn pé orúkọ ìyàwó mi kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Mo fa bírò yọ. Mo fagi lé ohun tí wọ́n kọ, mo kọ ọ́ gàdàgbà: ÀBẸ̀NÍ LÓ MỌ Ọ́N. Ọmọbìnrin náà ń pariwo, "Sir! Sir!" Mi ò wẹ̀yìn.

Mo dé ọsibítù, wọ́n ní látàárọ̀ ni kò ti dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Mo sọ sí i létí pé mo ti kọ orúkọ rẹ̀, mo tún un sọ. Ó kú kí oòrùn tó wọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, la sin ín.